Ta Ló Di Kámẹ́rà Náà Mú?

Nígbà tí mo fi ilé sílẹ̀, dókítà eyín ni mí. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo di ẹni tó ń fọ abọ́.

Kì í ṣe abọ́ oúnjẹ o. Abọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń po ẹfun ni, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ní Akanran, níbi tí wọ́n bí mi sí tí mo sì ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin, àwọn àgbẹ̀ kòkó tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi ní kí wọ́n wọlé. “Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́.” Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ẹ̀rí tí mo gbà n'Ìbàdàn kò tó. Àfi kí n ṣe ìdánwò tiwọn, apá mẹ́ta, kí n tó lè fi ìka kan ṣoṣo kan ẹnu aláìsàn. Bí mo bá fi kàn án kó tó dìgbà náà, mo ti lu òfin, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi. Mo ká lẹ́tà náà sínú Bíbélì.

Àwọn tó ti lọ ṣáájú ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi títí ó fi sú mi, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Ìkíni ló bá mi lójijì. Mo kí obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní “ẹ káàárọ̀” fún ọjọ́ mẹ́fà; ní ọjọ́ keje ó bi mí pé kí ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ òun. Ní àárọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí Ọ̀gbẹ́ni Wọ́kà, àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ kiri lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, “Kí lo sọ nù?”

Mo ní, “Kò sí, sà.”

Wọ́kà ti ń ṣe eyín láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn dókítà ilé ìtọ́jú eyín tó wà lókè wa yóò tẹ ìyẹ̀fun pípò bí èkọ mọ́ eyín aláìsàn, yóò dì, wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí wa nísàlẹ̀. A óò da ẹfun sí ojú ihò tí eyín fi sílẹ̀, ẹfun náà yóò gan, eyín ẹni tí a kò rí rí yóò sì wà lórí tábìlì wa. Wọ́kà a máa wo eyín ẹfun náà, a sì sọ fún mi pé, “Ọkùnrin yìí máa ń pa eyín keke lójú oorun. Ìyàwó rẹ̀ ò ní lè sùn.” Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ojú àgbà kan lè sọ ohun tí ìwé kò kọ.

*

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń tẹ ilé láago. Bọ̀dá mi Láyí ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ibi ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan lẹ́bàá Moniya, fóònù sì wà ní ọ́fíìsì wọn. Láti Akanran ni Màmá yóò ti gbéra ní kùtù, yóò wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn, yóò tún wọ òmíràn lọ sí Moniya, yóò sì jókòó ti fóònù náà pẹ̀lú aṣọ funfun aládùúrà rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìran. Bí mo bá pè, yóò pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé kò gbára lé wáyà, ó fẹ́ kí ohùn òun gba ojú òfuurufú wá bá mi.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

“Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o máa yọ eyín?”

“Ó kù díẹ̀, mà.”

Ọdún kìíní, ó kù díẹ̀. Ọdún kejì, ó kù díẹ̀. Mo yege apá kìíní ìdánwò náà, mo kùnà nínú apá kejì. Ìjókòó tí mo jókòó sí yàrá mi lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìkùnà yẹn dé, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. N kò sunkún. Mo kàn ń ronú pé bí mo bá kú síbẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ẹni tí ilẹ̀ kan kò tíì gbà tí ilẹ̀ kejì sì rò pé ó ti dé ipò ńlá, àárín méjì ló ń gbé, àárín méjì náà kò sì ní àga.

*

Ìgbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ní ọdún kejì náà, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn dé.

Àgbà oníṣègùn eyín méjì ló ń ṣiṣẹ́ lókè. Dókítà Mọ́risì ló ni ilé ìtọ́jú náà. Ọkùnrin tó ń yára rìn, tó ń yára sọ̀rọ̀. Èkejì ni Dókítà Fẹ́ntìn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi rí ìdí tó fi yẹ kó rẹ́rìn-ín. Mọ́risì pe gbogbo wa jọ. Ẹ̀rọ náà ga tó kọ́bọ́ọ̀dù kékeré, ó ní táyà lẹ́sẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kékeré wà lórí rẹ̀, okùn kan sì jáde lára rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ju ṣíbí ìmùkọ lọ.

Mọ́risì na ẹnu okùn náà sókè. “Kámẹ́rà ni. A óò fọ́n ìyẹ̀fun funfun sára eyín, a óò ki èyí bọ ẹnu, eyín yóò yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ yóò sì gbẹ́ ìbòrí eyín láti ara tánganran, níṣojú aláìsàn, lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìtẹ̀mọ́ mọ́. Kò sí ẹfun mọ́.”

Ó sọ pé kò sí ẹfun mọ́, kò sì wo ojú Wọ́kà.

Wọ́kà rọra sọ sí mi létí pé, “Pósí mi ni wọ́n ń tì wọlé yẹn.”

Fẹ́ntìn ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ó ní, “Mo ti kà nípa rẹ̀. Nínú àwa tí a jọ kọ́ṣẹ́, àwọn tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀. Èmi kò tíì rí ẹnì kan tó ń lò ó. Ọjọ́ mélòó lo fi kọ́ ọ?”

Mọ́risì ní, “Ọjọ́ méjì.”

Fẹ́ntìn wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ aláìsàn rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, inú mi dùn sí ẹ̀rọ náà. Mo rántí àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ẹ̀ bì sí mi lára ní Akanran nígbà tí mo ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ wọn lẹ́nu, pàápàá ọmọdé, pàápàá aboyún. Kámẹ́rà tí kò fọwọ́ kan ọ̀fun! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò fẹ́ kánjúkánjú. Bí ìyẹ̀fun funfun bá nípọn jù, àwòrán á yàtọ̀ sí eyín. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, etí eyín á rí bí ohun tó wà nínú kùrukùru. Ọwọ́ Mọ́risì kì í sì í dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè mí gòkè. Ó ní kí n jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, kí n máa fi bọ́ọ̀lù kékeré kan tó wà níwájú rẹ̀ fa ìlà yí etí eyín ká. Ìyẹn kò lòdì sófin. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni ọwọ́ mi wà, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni. Ojú mi mú un dáadáa. Lọ́jọ́ kan, àwòrán kọ̀, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Aláìsàn náà, obìnrin àgbà kan, ti ń rẹ̀.

Mọ́risì na kámẹ́rà sí mi. “Di èyí mú fún mi, ìṣẹ́jú kan péré. Dókítà ṣáà ni ẹ́.”

Ọdún méjì ni mo fi retí kí ẹnì kan nílẹ̀ yẹn pè mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú Bíbélì mi. Mo fọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gba kámẹ́rà. Mo fi ìka mi sinmi lé eyín tó wà níwájú, mo mú èémí mi dúró, àwòrán náà sì yọ, ó mọ́ kedere. Obìnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti ṣe é tán.

Mo sọ̀ kalẹ̀ padà. Mi ò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ló wà nínú mi tàbí ayọ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Màmá tún bi mí, “Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o máa yọ eyín?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti jẹ́ kí n máa ṣe é.”

Mo gbọ́ ọ tó kígbe “Halelúyà!” Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Láyí náà ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dúró sínú àpótí tẹlifóònù yẹn títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi kan gíláàsì.

*

Ọ̀gbẹ́ni Dẹ́fọ́n, ará Jàmáíkà tó ń wa bọ́ọ̀sì, kò lè fara da ìyẹ̀fun pípò rárá. Ó ti sá lórí àga ní ibòmíràn rí, pẹ̀lú tírè, irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, lẹ́nu. Nígbà tí ó gbọ́ nípa kámẹ́rà, ó wá bá wa. Mọ́risì ya eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ́, ó sì na kámẹ́rà sí mi. Ìgbà náà, ó ti di àṣà. Kò tún sọ pé ìṣẹ́jú kan péré.

Eyín ẹ̀yìn ni, lápá òsì, nísàlẹ̀. Itọ́ ń sun sí i. Mo ya àwòrán náà. Iwájú mọ́, ẹ̀gbẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ní ìhà tó kọjú sí ahọ́n, etí eyín náà kò hàn dáadáa.

Mo ní, “Dókítà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Mọ́risì wo aago. Àwọn mẹ́ta ń dúró níta. “Ó ti tó. Fa ìlà rẹ.”

Mo fa ìlà sí ibi tí mo rò pé etí eyín wà. Ibi tí mo rò. Ẹ̀rọ gbẹ́ tánganran. Nígbà tí wọ́n dán ìbòrí náà wò lẹ́nu rẹ̀, mo rí i bí ẹnu irin wíwẹ́ tí Mọ́risì mú lọ́wọ́ ṣe rì wọ àárín ìbòrí àti eyín, ní ibi kan náà yẹn.

“Dókítà, ó ṣí sílẹ̀ níhìn-ín.”

“Símẹ́ńtì tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ á dí i.”

Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní Akanran, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n ó dúró. Bí èmi bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò gbọ́, n ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n ta ni mí níbẹ̀? Ọwọ́ tí kò yẹ kó wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn ni mo fi ya àwòrán. Báwo ni n ó ṣe wá gbé ohùn sókè? Dẹ́fọ́n dìde, ó fi ahọ́n tọ́ eyín rẹ̀ tuntun wò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́rin kò pé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Mọ́risì kò sí lọ́jọ́ náà. Fẹ́ntìn ló tọ́jú rẹ̀. Ó yọ ìbòrí náà, ó bá ìjẹrà lábẹ́ rẹ̀, ó ń rùn. Wọ́n pè mí kí n gbé omi gbígbóná gòkè. Bí Dẹ́fọ́n ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú yẹn.

Ó sọ fún Fẹ́ntìn pé, “Arábìnrin yìí gan-an ni. Òun ló di kámẹ́rà mú lẹ́nu mi. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ púpọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá.”

Ó ń yìn mí ni. Fẹ́ntìn yí ojú sí mi. Mo gbé abọ́ omi gbígbóná náà kalẹ̀.

*

Fẹ́ntìn kò lè fi pamọ́. Òfin kò gbà á láyè. Ó sọ fún mi kó tó kọ̀wé. Ó ní, “Mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, mo ti wà nínú rẹ̀.” Àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ eyín dáhùn pé ẹni méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Mọ́risì pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

“Wọ́n á bi wá pé ta ló di kámẹ́rà mú. Èmi ni. Ìwọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin yẹn dùbúlẹ̀, iná wà lójú rẹ̀, kí ló lè rí? N ó sọ pé kì í fọ eyín rẹ̀ dáadáa. Ìwọ á ṣe ìdánwò rẹ, èmi á kọ lẹ́tà tó dára fún ọ. Ṣé ó yé ọ?”

Mo ní ó yé mi. Ó sì yé mi lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ọ̀nà àbáyọ ni, ó gbòòrò, ó mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wà lójú ọ̀nà náà ni Dẹ́fọ́n: wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé òpùrọ́ ni, pé ẹlẹ́nu ìdọ̀tí ni.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo tẹ Moniya láago. Mo ti pinnu pé n ó sọ òótọ́ fún Màmá, kí ẹnì kan kàn gbọ́ ọ ṣáá. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mo jẹ́rìí rẹ ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú! Mo ní ọmọ mi ń yọ eyín àwọn òyìnbó. Gbogbo ìjọ ló dìde. A fi àgbàdo tuntun dúpẹ́.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn...”

“Ẹn-ẹ́n?”

“Màmá, ẹ gbọ́...”

Wáyà já. Mo tún tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kò wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, a jókòó sí yàrá ìdúró àwọn aláìsàn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n rán wá. Obìnrin náà ló ń bèèrè ọ̀rọ̀, ọkùnrin ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́risì ti sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó kàn mí.

“Ní ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán eyín Ọ̀gbẹ́ni Dẹ́fọ́n, ta ló di kámẹ́rà náà mú?”

Mo gbọ́ bí bírò ọkùnrin yẹn ṣe dúró lórí ìwé. Mo wo Mọ́risì, ó ń wo fèrèsé.

Mo ní, “Èmi ni.”

Mọ́risì pe orúkọ mi, ohùn rẹ̀ kéré. Mi ò dúró. Bí mo bá dúró, mi ò ní lè sọ ìyókù. “Èmi ló dì í mú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Etí eyín náà kò hàn ní ìhà ahọ́n, èmi ni mo fa ìlà síbi tí mi ò rí. Mo rí i pé ìbòrí náà ṣí sílẹ̀, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Dẹ́fọ́n kò purọ́.”

*

Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò fún ọdún kan àti ààbọ̀. Mọ́risì gba ìjìyà tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Mo gbaṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó. Láràárọ̀, mo máa ń kó eyín àtọwọ́dá wọn láti inú ife, n ó fọ̀ ọ́, n ó dá a padà sẹ́nu ẹlẹ́nu. Arúgbó kan a máa pè mí ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ń jẹ́ ẹ. Ní ìgbà òtútù yẹn, n óò ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko sọ̀rọ̀ kìkì Gẹ̀ẹ́sì, n ó wá gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ “pẹ̀lẹ́” fún àga tí mo gbá lẹ́sẹ̀, inú mi yóò sì dùn bíi pé mo pàdé ará ilé.

Ní òwúrọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, Dẹ́fọ́n ló wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ya ẹnu, ó fi ìka hàn mí lápá òsì, nísàlẹ̀. Fẹ́ntìn ti gba eyín náà là.

Ó sọ ọ́ sókè, níṣojú gbogbo èrò, pé, “Ẹ wọlé, Dókítà. Ẹ jókòó níwájú.”

Fẹ́ntìn ló tún wá mi kàn. Ó ti ya kúrò lọ́dọ̀ Mọ́risì, ó ti dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ra irú ẹ̀rọ náà, èyí tuntun tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó yà mí lẹ́nu.

Mo ní, “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́ ẹ?”

“Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ ẹ. Mo ní ọjọ́ méjì kò tó. Wá kọ́ mi. Eyín ẹfun la óò fi kọ́ ọ, a ò ní fọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni.”

Wọ́kà náà wá. Sátidé la máa ń ṣe é, lọ́sàn-án. Èmi yóò di kámẹ́rà mú, Fẹ́ntìn yóò fa ìlà, Wọ́kà yóò fi gíláàsì ojú rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. “Etí eyín kọ́ nìyẹn. Òjìji ni. Ya á tún.” A óò tún un yà. Nígbà mìíràn a ya eyín kan ní ìgbà ogún. Wọ́kà, tó ní pósí òun ni, òun ló wá ń rí ohun tí ẹ̀rọ kò rí. Mo se ìrẹsì aláta lọ́jọ́ kan, mo gbé e wá. Ó jẹ ẹ́, ó làágùn, ó ní kí n bu díẹ̀ sí i.

Mo padà sídìí ìdánwò. Mo yege apá kejì. Mo yege apá kẹta. Lẹ́tà àṣẹ iṣẹ́ dé ní Ọjọ́rú, mo sì ka orúkọ mi nínú rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ohùn àti ìró tí ìyá mi fi ń pè é.

*

Ọdún kẹfà ni mo tó wálé. Àwọn tí wọ́n kọ́ mi n'Ìbàdàn gbọ́, wọ́n ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà inú ẹnu. Àgbà oníṣègùn eyín bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jókòó. Mo béèrè pé ta ló ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ju ààbọ̀ lọ tó nawọ́. Ta ló ti fojú rí i? Ẹni méjì. Ta ló ti lò ó rí? Kò sí.

Ọ̀gá mi àtijọ́ kan ní, “Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ yẹn gbẹ́ eyín dé ìdajì ńkọ́?”

Gbogbo yàrá búsẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ Dẹ́fọ́n fún wọn, láìyọ ohunkóhun kúrò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà ọ̀dọ́ kan dìde lẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa padà wá bá wa?” Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá ní Akanran, mo jẹ́wọ́. Mo ní nígbà tó ń jẹ́rìí mi, abọ́ ni mo ń fọ̀, mo sì ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Inú bí i.

“O jẹ́ kí n dúró níwájú Ọlọ́run pa irọ́? Kí n fi àgbàdo tuntun dúpẹ́ irọ́?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ọ̀la, o máa dìde ní ìjọ.”

Mo dìde ní ìjọ. Ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun tí Màmá yá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí abọ́ dé orí obìnrin tó bi mí léèrè ẹni tó di kámẹ́rà mú. Bàbá àgbà kan ní iwájú gbé ojú sókè.

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

“Nísinsìnyí, sà, wọ́n ti fún mi níwèé.”

Ó mi orí. “Ṣé o kó irin iṣẹ́ rẹ wá?”

Mo kó wọn wá. Kí a tó jáde tán, bẹ́ǹṣì kan ti wà lábẹ́ igi mángòrò, omi ti ń hó lórí ààrò, àwọn tí eyín ń ro sì ti ń tò. Màmá ló ń tò wọ́n, ó ń lé àwọn tó fẹ́ kọjá ara wọn sẹ́yìn. Nígbà tí mo wọ ìbọ̀wọ́ tán tí mo ní kí ẹni àkọ́kọ́ wá, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó.

“Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

Ó ya ẹnu. Eyín ẹ̀yìn kan ti fọ́ dé ìdí, ẹran eyín ti wú bò ó. Kì í ṣe nǹkan oṣù kan, kì í ṣe nǹkan ọdún kan. Mo mú irin mi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Láti ìgbà wo ni?”

“Ó ti tó ọdún mẹ́ta.”

“Gbogbo oṣù la ń sọ̀rọ̀! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ ọ́?” ni màmá mi wí. “Ṣé orí fóònù lo máa ti fà á ni?”

Ó di etí bẹ́ǹṣì mú, ó pa ojú dé, ó tún ya ẹnu.